Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Díwọ̀n Iná fún Ohun Tí A So Mọ́ Ọn

Àwọn olóòtú ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan tí yóò wúlò fún ilé àti fún yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa retí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àlùfáà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ń bi wá léraléra, owó sì ń ṣòfò lórí rẹ̀: kí ni ó fà á tí kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le fi ń kọ ohun èlò tí kò bàjẹ́? A ki okùn bọ ihò, iná kékeré ara ohun èlò náà tàn, kò pẹ́ ni kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé iná tí nǹkan yìí ń béèrè ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn a gbé e tọ alátùn-únṣe lọ. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ jù ú nù, a sì ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì rí i pé èyí tí ó kù lọ́wọ́ òun kò tó fún àlejò náà.

Ẹni tí ń ṣe ìṣirò yìí ni ètò aṣàkóso, ìyẹn ètò tí ó wà lábẹ́ gbogbo ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà, tí ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò ṣe àti ìgbà tí yóò ṣe é. Windows jẹ́ ọ̀kan, macOS ti àwọn kọ̀ǹpútà Apple jẹ́ ọ̀kan, Linux àti Android pẹ̀lú. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé nínú ọ̀rọ̀ yìí, òfin tí a ń pè ní USB. Ní 1996 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méje tí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan: Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel. Ṣáájú rẹ̀, kíbọọ̀dù ní ihò tirẹ̀, mouse ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì ní òmíràn. USB mú kí okùn kan ṣoṣo máa gbé ọ̀rọ̀ àti iná pọ̀. Nínú okùn USB àtijọ́, wáyà mẹ́rin ni ó wà: méjì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, méjì yòókù sì ń gbé iná.

Iná náà kò pọ̀. Volt 5 péré ni, nígbà tí ti ara ògiri ilé wa lé ní 200. Ẹni tí ó gbé táǹkì omi sórí òpó nílé rẹ̀ yóò tètè lóye: volt dà bí gíga òpó náà, amp sì dà bí ìwọ̀n omi tí ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí a bá pín amp kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni milliamp. Nínú USB 2.0, tí ó jáde ní 2000, ẹyọ ìpín kan jẹ́ milliamp 100, ohun èlò kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju ẹyọ márùn-ún lọ, ìyẹn 500. USB 3.0, tí ó dé ní 2008, sọ ẹyọ kan di 150, ó sì fún ohun èlò kan láyè láti gba ẹyọ mẹ́fà, tí í ṣe 900. Kí a má jẹ́ kí nọ́ńbà wọ̀nyí dẹ́rù bà wá. Milliamp 500 lórí volt 5 jẹ́ watt 2.5, bẹ́ẹ̀ gílóòbù LED tí a fi ń tan iná sí yàrá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe ń pín ìwọ̀nba yìí? Àwọn tí ó gbé inú ọgbà ilé-ìwé yóò rántí pé pírífẹ́ẹ̀tì oúnjẹ kì í lọ ka orí ní tábìlì kọ̀ọ̀kan. Olórí tábìlì ni yóò wá sọ iye ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, iye tí ó bá sì sọ ni a ó fi bu oúnjẹ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò aṣàkóso ń ṣe. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ohun èlò kan bọ ihò USB, kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan yìí wà kí ó lè lajú, kí ó sì lè dáhùn ìbéèrè. Ètò aṣàkóso a fún un ní nọ́ńbà tí yóò máa jẹ́. A bi í pé ta ni, láti ilé-iṣẹ́ wo, iṣẹ́ wo ni ó mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ìwé ìṣètò rẹ̀, àkọsílẹ̀ kúkurú kan tí àwọn tí ó ṣe ohun èlò náà ti fi sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọjà.

Nínú ìwé ìṣètò yìí ni nọ́ńbà kan wà tí wọ́n sọ ní bMaxPower. Kí ó lè wọ inú àyè kékeré, méjì-méjì ni a ń kà á: bí ohun èlò bá kọ 50, milliamp 100 ni ó ń béèrè, bí ó bá kọ 250, ó ń béèrè 500. Ní USB 3.0, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni kíkà náà. Ètò aṣàkóso a ka nọ́ńbà yìí, a sì wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ ihò náà. Bí ó bá tó, yóò pàṣẹ fún ohun èlò náà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti ìgbà náà ni ó sì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fa gbogbo ohun tí ó béèrè. Bí kò bá tó, àṣẹ náà kò ní jáde. Ohun èlò yóò jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan rẹ̀, iná ara rẹ̀ yóò máa tàn, àwa yóò sì máa rò pé ó ti wọlé. Àwọn ohun èlò kan wà tí wọ́n ń mú ìwé ìṣètò méjì wá, ọ̀kan fún ìgbà ọ̀pọ̀, ọ̀kan fún ìgbà ọ̀wọ́n, kí ètò aṣàkóso lè mú èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ó dùn wá pé irú wọn kò pọ̀ lọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni hub, àpótí pẹlẹbẹ tí ń sọ ihò kan di mẹ́rin. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí ihò bá ti di mẹ́rin, iná náà ti di ìlọ́po mẹ́rin. Hub kì í bí iná. Èyí tí kò ní okùn iná tirẹ̀ ń gba 500 lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ohun èlò kan ṣoṣo. A ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún hub náà fúnra rẹ̀. Ó wá ku mẹ́rin, tí a pín fún ihò mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mouse àti kíbọọ̀dù yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹyọ kan tó wọn. Ohun èlò tí ó bá sọ pé 500 ni òun fẹ́ kò ní rí àyè, kódà bí ihò mẹ́ta yòókù bá ṣófo, nítorí ètò aṣàkóso kì í kó ìpín ihò tí kò ní ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n hub tí ó ní ṣájà tirẹ̀, tí a fi bọ ara ògiri, yàtọ̀ pátápátá: ó lè fún ihò kọ̀ọ̀kan ní 500, ètò aṣàkóso yóò sì bi í léèrè bí iná tirẹ̀ bá wà kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a sin àwọn ọmọ ìjọ wa kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, níbi tí a ti ń gba ìtẹ̀ka gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú hub kan tí kò ní iná tirẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí hub náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wà lórí rẹ̀, mouse wà lórí rẹ̀, fóònù òṣìṣẹ́ tí ó jókòó níbẹ̀ sì ń gba iná ní ihò kẹrin. Nígbà tí ó kan ọmọbìnrin kan nínú àwọn tiwa, ẹ̀rọ gba ìka méjì, ní ìka kẹta ó kú, ó sì tún tàn. Wọ́n ní kí ó lọ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá bèèrè iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó sọ pé gàrí ni wọ́n ń yan, wọ́n ní iná ààrò ti jẹ ojú ìka rẹ̀, pé kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, owó ọkọ̀ kò sì sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tọrọ àyè, ó yọ fóònù kúrò, ó sì fa okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wá sí ihò ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọlé kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé ètò aṣàkóso kò kọ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà. Ó ti gbà á wọlé. Lórí ìwé, ohun gbogbo tọ́. Fóònù ni ó ń fà ju ìpín rẹ̀ lọ, volt inú hub wá ń wálẹ̀, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tí ó le jù ni ó sì kọ́kọ́ dákú. Èyí fi hàn wá ibi tí ojú ètò aṣàkóso mọ. Ní ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn iná tí ń lọ ní ihò kọ̀ọ̀kan. Ìwé ni ó ń kà. Bí ohun èlò bá kọ 100 tí ó sì ń fa 400, ìwé yóò ṣì máa sọ pé 100 ni. Àwọn hub olówó pọ́ọ́kú kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àwọn ní iná tiwọn nígbà tí kò sí ihò ṣájà kankan lára wọn. Fáànù kékeré àti iná ìkàwé tí ń lo okùn USB tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹnu tí wọn yóò fi dáhùn ìbéèrè, wáyà iná méjì nìkan ni wọ́n lò. Ètò aṣàkóso kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Nítorí èyí ni a fi olùṣọ́ kejì sí ẹ̀yìn ihò. Kì í ṣe ètò, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni, tí ń dá iná dúró bí èyí tí ń kọjá bá pọ̀ débi ewu. Ó ń fi àmì ránṣẹ́ sí ètò aṣàkóso, òun náà a sì pa ihò náà, a sọ fún wa. Windows á kọ "Power surge on the USB port". Mac á kọ "USB Accessories Disabled". Linux á kọ "over-current condition" sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ kíkọ̀ tí a ti sọ ṣáájú, tí Linux ń pè ní "insufficient available bus power". Nínú kíkọ̀, ibi kankan kò tíì ṣẹlẹ̀; ẹ wá iná kún un. Nínú ìdádúró, ohun kan ń fa àfajù: ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ sì wo inú ihò bóyá irin kékeré kan ti há síbẹ̀ tàbí wáyà inú okùn ti kan ara wọn. Ní àwọn kọ̀ǹpútà kan, olùṣọ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ ihò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan lè pa mouse aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú.

Àárín méjèèjì ni ó ń dùn wá jù, ìyẹn nígbà tí iná kò tó ṣùgbọ́n tí kò burú tó fún olùṣọ́ láti gbé ọwọ́ sókè. Hard disk tí a ń gbé káàkiri, irú èyí tí àwo inú rẹ̀ ń yí, ni a fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà ju 500 lọ. Bí volt bá rẹlẹ̀, a ó gbọ́ ìró kọ̀-kọ̀-kọ̀, yóò pòórá lójú kọ̀ǹpútà, yóò tún padà. Bí ó bá ṣe èyí nígbà tí a ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé àtòjọ tí ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ni ó wà lọ́wọ́ tí iná fi lọ. Kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo ni a ó wá nígbà náà, gbogbo àpótí ni. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń sọ ọ́ báyìí pé kí a ya àwọn fọ́tò àtijọ́ àti ìwé orúkọ ilé-ìwé wa sínú hard disk. A fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wà lórí ihò ara kọ̀ǹpútà tàbí lórí hub tí ó ní ṣájà tirẹ̀, kí okùn rẹ̀ sì kúrú. Okùn gígùn tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín ń jẹ volt lójú ọ̀nà. Ohun tí ó kúrò ní ihò ní 5 lè dé òdìkejì ní 4.5, ètò aṣàkóso kò sì ní rí i. Okùn olórí méjì tún wà lọ́jà, tí ń fa iná ní ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá òfin USB mu, nítorí orí kejì ń jẹun láìsọ orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó sọ ohun gbogbo yìí síta gbangba. Raspberry Pi ni kọ̀ǹpútà kékeré kan láti Cambridge ní England, tí a ṣe pàtàkì fún kíkọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní ilẹ̀ wa ni ó mọ̀ ọ́n. Èyí tí í ṣe Raspberry Pi 5 jáde ní 2023. Nígbà tí ó bá ń jí, ó kọ́kọ́ ń bi ṣájà tirẹ̀ léèrè pé, "Ṣé o lè fún mi ní amp 5?" Bí ṣájà bá lè ṣe é, gbogbo ihò USB rẹ̀ lápapọ̀ yóò rí milliamp 1,600 lò. Bí kò bá lè ṣe é, yóò dín gbogbo wọn kù sí 600, yóò sì sọ fún ẹni tí ó ń lò ó pé òun ti dín in kù. A fẹ́ràn ìwà yìí: kò ṣèlérí fún àlejò kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú àká tirẹ̀. Ọ̀nà wà láti fi ìlà kan nínú ètò rẹ̀ fipá mú un kí ó ṣí 1,600 sílẹ̀ láìka ṣájà sí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ṣe wà nínú Linux láti fipá mú ohun èlò tí a ti kọ̀ wọlé. Ẹni tí ó ti wọn ṣájà rẹ̀ tí ó sì mọ agbára rẹ̀ lè lò ó nílé ara rẹ̀. Nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, a kò fọwọ́ sí i.

Apá kejì iṣẹ́ náà ni gbígba iná padà. Bí ohun èlò bá wà láìṣiṣẹ́, ètò aṣàkóso lè ní kí ó sùn. Bí ó bá sì ti sùn, kò gbọdọ̀ fà ju milliamp 2.5 lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń lo bátìrì tàbí inverter. Mouse tí ó sùn yóò jí bí a bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ohun èlò kan kì í jí dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń rí ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ tí a kò rí i mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nínú Windows, orúkọ ètò yìí ni "USB selective suspend", a sì lè pa á níbi tí a ti ń ṣètò iná kọ̀ǹpútà, bí ohun èlò kan bá ń da iṣẹ́ rú.

Ní ti ihò pẹlẹbẹ tuntun tí ó ṣeé kì ní ọ̀nà méjèèjì, USB-C, ìjíròrò náà ti gbòòrò. Ẹni tí ń fúnni ní iná a ka ohun tí ó ní sílẹ̀, volt 5, 9, 15, 20. Ẹni tí ń gbà a mú èyí tí ó fẹ́. Láti 2021 ni òfin rẹ̀ ti gbà kí ó dé watt 240. Ẹ̀yà kékeré kan lẹ́nu ihò ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìjíròrò yìí, ètò aṣàkóso a kàn gbọ́ àbájáde rẹ̀, a sì sọ fún wa bí ṣájà kò bá lágbára tó.

Fún àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn rí nọ́ńbà wọ̀nyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ sí USB Root Hub, kí ẹ wo abẹ́ Power. Nínú Linux, ẹ tẹ lsusb -v, kí ẹ wá MaxPower. Lẹ́yìn náà ni kí ọmọ náà ṣe ìṣirò yìí. Hub kan wà tí kò ní iná tirẹ̀, tí a so mọ́ ihò USB 2.0. A fi mouse kan sí i tí ó kọ 50 sínú bMaxPower rẹ̀, kíbọọ̀dù kan tí ó kọ 45, àti fíláàṣì kan tí ó kọ 100. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ètò aṣàkóso yóò kọ̀, milliamp mélòó ni ìpín ihò rẹ̀ fi dín sí ohun tí ó béèrè, irú hub wo ni ì bá sì gbà á wọlé?